Káàdì Tó Wà Lọ́wọ́ Ìyá

Ní ilẹ̀ Àkókó, láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà, agbára káká lẹ fi máa rí ilé ọlọ́mọ kékeré tí kò ní àpò ọ̀rá kan tí wọ́n ká sínú àpótí tàbí tí wọ́n tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú ọ̀rá yẹn ni ìwé ìbí máa ń wà, àti rìsíìtì ilé ìwé, àti fọ́tò ọjọ́ ìkómọ, àti káàdì pálí kan tí etí rẹ̀ ti ká. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára là ń pè é. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ sí, ẹ ó sì rí àwòrán kan tí ìlà rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀nà tó ń gun òkè Ọ̀kà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò wo àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀mejì rí.

Àwòrán ọ̀nà yẹn ní ìtàn. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó wọn ọmọ rí tẹ́lẹ̀ o. Wọ́n ti ń wọn ọmọ nílùú Òyìnbó tipẹ́. Àmọ́ irú káàdì yìí, tí ìyá fúnra rẹ̀ ń mú lọ sílé, tí ẹni tí kò kàwé lè wò kó sì lóye, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti dán an wò kó tó di ti gbogbo ayé. Ìmẹ̀sí-Ilé lorúkọ ìlú náà. Ẹni tó bá kúrò ní Ìkàrẹ́ láàárọ̀, tó gba inú Èkìtì kọjá, á débẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Iṣẹ́ kóòdù là ń ṣe jẹun, àwa tá a kọ àròkọ yìí. Dátábéèsì, sẹ́fà, áàpù, ohun tá a kọ́ ní yunifásítì nìyẹn. Ìdí tá a fi lọ ń tú ìtàn dókítà kan láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ni pé ìbéèrè tó ń dà wá láàmú lónìí, dókítà yìí ti bá a pàdé ṣáájú wa: ta ló yẹ kó tọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera ọmọ? Ọsibítù ni àbí ìjọba, ilé iṣẹ́ tó ṣe áàpù ni àbí ìyá ọmọ?

Ká tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn baba ńlá wa náà ní àkọsílẹ̀ tiwọn. Orúkọ ni. Bí ọmọ bá ń kú léraléra nínú ilé kan, orúkọ ọmọ tó bá tún dé ló máa sọ ọ́. Málọmọ́. Dúrójayé. Kòkúmọ́. Bánjókòó. Kòsọ́kọ́. Ẹni tó bá gbọ́ Kòsọ́kọ́ mọ̀ pé ilé náà ti gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ títí, wọ́n wá ń sọ fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kò sí ọkọ́ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ iṣẹ́ dátà á rí i pé àkọsílẹ̀ ìlera gidi ni. Ó kúrú, kò ṣeé pa rẹ́, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kiri, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan tó lè sọ pé òun ò rí fáìlì rẹ̀.

Àmọ́ ó ní àléébù kan. Ẹ̀yìn ikú lorúkọ máa ń sọ̀rọ̀. Ó lè sọ pé ilé yìí ti ṣòfò rí. Kò lè sọ fún ìyá pé ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ yìí, láti oṣù méjì sẹ́yìn ni kò ti fi ohunkóhun kún ara mọ́. Ìkìlọ̀ tó ń dé kí ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ ni ìyá nílò.

Kí ló sì ń pa àwọn ọmọ? Ní 1933, Cicely Williams, dókítà obìnrin kan tí wọ́n bí ní Jamaica, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Ghana lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń mú ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já a lẹ́nu ọmú. Ẹsẹ̀ á wú, irun á pọ́n, awọ ara á máa ṣí. Ní 1935, ó fi orúkọ tí àwọn ẹ̀yà Gà ń pè é kọ̀wé, kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí àbúrò ti gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Ẹ̀kọ lásán ni ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ, láìsí ẹ̀wà, láìsí ẹyin, láìsí ẹja. Inú rẹ̀ ń kún, ara rẹ̀ ń ṣófo. Bí èèyi tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá wá dé bá irú ọmọ yìí, ẹsẹ̀ kan ló kù kó bọ́. Àwọn ará ilé á ní èèyi ló pa á. Òótọ́ ni, àmọ́ ebi ló ti ṣílẹ̀kùn fún èèyi.

Ohun tó wá le níbẹ̀ ni pé ebi yìí kì í pariwo. Ìyá tó ń rí ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀ pé ó ń rù, bí ẹni tó ń gbé inú ilé ò ṣe ń mọ̀ pé ògiri ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé kí ọmọ tó rù lójú gbogbo ayé, ó ti lé lóṣù bíi mélòó kan tí kò ti fi kún mọ́.

Ní 1956 ni David Morley dé Iléṣà. Ní 1923 ni wọ́n bí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Cambridge àti ọsibítù St Thomas' ní London ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ọsibítù Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ló wá ṣiṣẹ́ sí. Ọsibítù náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ó ti di ara ọsibítù ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Abẹ́ ìjọba kan náà ni Iléṣà àti Ìkàrẹ́ wà nígbà yẹn, Western Region tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fáwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọkàn sí èyí dáadáa: ọmọ ọdún mẹ́fà ti ní ibi tí ìjọba ti ń retí rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ńkọ́? Òun ò tíì ní.

Morley ò dúró sínú ọsibítù nìkan. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì, Margaret Woodland wà lára wọn, mú iṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹni tó bá ka ìtàn Ogun Kírìjí á ti gbọ́ orúkọ ìlú yìí, torí ibẹ̀ ni Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí nígbà tí wọ́n ń bá Ìbàdàn jà, kí àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 tó dé. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìwé orúkọ ni wọ́n ṣí níbẹ̀. Wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí sílùú, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń tẹ̀ lé wọn láti oṣù dé oṣù. Àìsàn tó bá ṣe ọmọ, wọ́n ń kọ ọ́. Ọmọ tó bá kú, wọ́n ń wádìí ohun tó pa á.

Inú iṣẹ́ yẹn ni kílíńíìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ti jáde. Lóde òní, létí wa, kò dà bí ohun bàbàrà, torí gbogbo ibi ló ti wà. Nígbà náà, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́, ọjọ́ wọn náà yàtọ̀. Ìyá tó gbé ọmọ tó ní ibà wá lónìí, wọ́n á ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn fún abẹ́rẹ́, nígbà tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi rìn dé láti oko. Morley àtàwọn nọ́ọ̀sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ibi kan náà, ọjọ́ kan náà: wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á tọ́jú ibà rẹ̀, wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á bá ìyá sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Èkejì tún ni pé nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Dókítà ò pọ̀, wọn ò sì lè pọ̀ láìpẹ́. Ọmọ tó bá kọjá agbára nọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n ń gbé lọ bá dókítà.

Ká wá wá sórí káàdì fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwa oníkóòdù ti dìde dúró.

Àkọ́kọ́, ọjọ́ orí. Ìwọ̀n ọmọ ò nítumọ̀ bí a ò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Kílógíráàmù mẹ́jọ dára fún ọmọ oṣù mẹ́jọ. Fún ọmọ ọdún méjì, ewu ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ò ní déètì lórí ìwé nígbà náà. Wọ́n á wá bi í pé, ṣé ṣáájú ọdún ìjẹṣu ni ẹ bí i àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé ẹ ti ń ká kòkó? Ṣé Kérésìmesì ti kọjá? Kàlẹ́ńdà àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ àdúgbò ni wọ́n fi ń mú oṣù ìbí. Bí wọ́n bá ti rí oṣù yẹn, wọ́n á kọ ọ́ sínú àpótí àkọ́kọ́ lórí káàdì, wọ́n á sì kọ orúkọ gbogbo oṣù tó kù tẹ̀ lé e títí ọdún márùn-ún á fi pé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sẹ́ni tó tún máa ṣírò ọjọ́ orí ọmọ náà mọ́. Nọ́ọ̀sì á kàn wá oṣù tá a wà yìí lórí káàdì, á sì fi àmì sókè rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ìṣirò, wọ́n tọ́jú èsì, wọ́n ń lò ó fún ọdún márùn-ún. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kóòdù, à ń gba owó lórí ẹ̀.

Èkejì, ọ̀nà. Ìlà méjì ló wà lórí káàdì. Òkè ni ìwọ̀n àwọn ọmọkùnrin tí ara wọn dá ṣáṣá, tí wọn ò sanra jù, tí wọn ò rù. Ìsàlẹ̀ ni ìwọ̀n àwọn ọmọbìnrin tó kéré jù láàárín àwọn tó ṣì lálàáfíà. Àárín ìlà méjèèjì ni ọ̀nà. Ọ̀nà Ìlera, Road to Health, lorúkọ tí káàdì yìí fi lòkìkí. Ṣùgbọ́n Morley ò sinmi sísọ pé kì í ṣe ibi tí àmì wà ló ṣe pàtàkì jù, bí kò ṣe ibi tó dojú kọ. Ọmọ tó kéré, tí ìlà rẹ̀ ṣì ń gòkè, ń rìn dáadáa. Ọmọ tó tóbi, tí ìlà rẹ̀ ti tẹ́ rẹrẹ fún oṣù méjì, nǹkan ti ń ṣe é. Ọgbọ́n àgbẹ̀ náà nìyí: àgbàdo tó ga, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n, kì í fi àgbẹ̀ lọ́kàn balẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àpótí kan wà lórí káàdì tí wọ́n ń kọ ìdí tí ọmọ kan fi nílò ojú méjì sí. Ṣé ìbejì ni? Ṣé ó kéré nígbà tí wọ́n bí i? Ṣé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ti kú? Ṣé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú ṣáájú? Ẹ ò rí i bí? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, Málọmọ́ ti dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ káàdì jáde. Ohun tí orúkọ ń sọ ni káàdì tún ń sọ, àmọ́ káàdì wá fi kún un pé: ẹ ṣọ́ èyí, ó ṣì wà láàyè.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó mú wa kọ àròkọ yìí: ìyá ló ń mú káàdì lọ sílé. Wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú. Àwọn kan ní obìnrin tí kò kàwé máa sọ ọ́ nù, pé òjò á pa á, pé eku á jẹ ẹ́. Èsì tí wọ́n rí yàtọ̀ pátápátá. Àwọn ìyá tọ́jú káàdì ju bí ọsibítù ṣe ń tọ́jú fáìlì lọ. Kò sì yẹ kó yani lẹ́nu. Fún ọsibítù, káàdì ọmọ rẹ jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Fún ìwọ, òun nìkan ló wà.

Ẹ wá rò ó bó ṣe máa rí ní Àkókó. Ìkàrẹ́ ní ẹ̀ka èdè tirẹ̀, Ọ̀kà ní tirẹ̀. Àrìgìdì wà nítòsí Ìkàrẹ́, èdè tí wọ́n ń sọ nílé yàtọ̀. Ẹ rìn dé Ìkáràmù tàbí Àkùnnù, ẹ ó tún gbọ́ òmíràn. Ìwé ìléwọ́ tí wọ́n bá kọ lédè kan ṣoṣo ò lè kárí. Ṣùgbọ́n ìlà tó ń gòkè ò nílò ògbufọ̀. Ìyá Àrìgìdì àti ìyá Ọ̀kà á wò ó, àwọn méjèèjì á mọ̀ bóyá ọmọ ń gòkè tàbí ó ti dúró sójú kan.

Ìmẹ̀sí-Ilé àti Iléṣà tún bá ìtàn abẹ́rẹ́ èèyi wọlé. Ní Amẹ́ríkà, John Enders àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe abẹ́rẹ́ kan tó lè dènà èèyi. Lọ́dọ̀ wọn, àìsàn ọmọdé tó ń lọ fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ka èèyi sí. Morley mọ̀ pé ní ilẹ̀ Yorùbá, apààyàn ni. Ó ké sí wọn, ọ̀kan nínú wọn, Samuel Katz, sì wá sí Nàìjíríà ní 1960 láti wá dán abẹ́rẹ́ náà wò níbí. Ní 1963 ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún lílò gbogbo gbòò. Nígbà tẹ́ ẹ bá tún gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé a kàn ń gba ohun tí Òyìnbó bá gbé wá ni, ẹ rántí pé àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ yìí láyé, kí ọjà rẹ̀ tó dé ìta. Ẹ sì rántí apá kejì náà: ohun tí wọ́n dán wò lára ọmọ wa, ó yẹ kó tètè dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa. Títí dòní, ọmọ ṣì ń kú nítorí èèyi ní Nàìjíríà.

Iye ọmọ tó ń kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé wálẹ̀ gan-an láàárín ọdún díẹ̀. Kì í ṣe káàdì nìkan ló ṣe é. Oògùn wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ wà níbẹ̀. Káàdì ni okùn tó so wọ́n pọ̀.

Ní 1961, Morley padà sí London, ó sì sọ ohun tó rí di ìwé. Ní 1973 ló tẹ Paediatric Priorities in the Developing World jáde. Ní 1979, òun àti Margaret Woodland kọ See How They Grow, gbogbo rẹ̀ dá lórí káàdì àti bí èèyàn ṣe ń lò ó. Kì í kọ̀wé fún ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Ó ń kọ fún nọ́ọ̀sì tó wà ní abúlé, tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1965, ó ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Teaching-aids at Low Cost, TALC, tó ń ta ìwé àti irinṣẹ́ ìṣègùn ní owó pọ́ọ́kú.

Àwọn irinṣẹ́ yẹn yẹ lẹ́ni tó ń ṣe ẹ̀rọ wò dáadáa. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń fi káàdì ọmọ há. Wọ́n á gbé ọmọ kọ́ ọ, irin kíkákò rẹ̀ á fà sísàlẹ̀, ìyá á rí ojú ibi tó dúró sí lórí káàdì ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì fi bírò tẹ àmì síbẹ̀. Kò sí nọ́ńbà láti kà. Ṣíbí oníke kan wà tó ní orí méjì, orí kékeré fún iyọ̀, orí ńlá fún ṣúgà, kí ẹni tó ń po omi fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru má bàa fi iyọ̀ pa á lára. Ní 1974, òun àti Adnan Shakir, dókítà ará Baghdad, kọ̀wé nípa okùn tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ. Pupa ni ewu, yẹ́lò ni kí ẹ ṣọ́ra, àwọ̀ ewé ni kò séwu. Fíìmù X-ray tí wọ́n ti lò tán ni wọ́n lè gé fi ṣe é. Ìdí tó fi ṣiṣẹ́ ni pé láti ọdún kan sí ọdún márùn-ún, apá ọmọ tó ń jẹun dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí náà kò tiẹ̀ pọn dandan kéèyàn mọ ọjọ́ orí. Irú okùn yẹn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti yí nọ́ńbà rẹ̀ padà.

Káàdì rìn jìnnà. Ní 1978, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àpẹẹrẹ tirẹ̀ jáde kí orílẹ̀-èdè lè máa lò ó. Ní 1982, UNICEF kó ọ̀nà mẹ́rin jọ láti gba ẹ̀mí ọmọdé là: títẹ̀ lé ìdàgbàsókè ọmọ, omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ọmú ìyá, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nílé níbí, Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, di mínísítà ìlera ní 1985, ó sì gbé ìlera alábọ́ọ́dé dé ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí láyé ìgbà náà á rántí ìpolówó omi oníyọ̀ àti ṣúgà lórí rédíò, tí wọ́n ń fi ìgò bíà tàbí ìgò mínírà díwọ̀n omi. Ní 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún gbé ìlà tuntun jáde, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n ti wọn ọmọ fún un, Ghana sì wà nínú wọn.

Ká má fi ìtàn yìí ṣe oríkì lásán. Nínú ọ̀nà mẹ́rin ti UNICEF, títẹ̀ lé ìdàgbàsókè ọmọ ló ṣòro jù. Ní ibi púpọ̀, wíwọn ọmọ di ètò lásán. Wọ́n á gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á tẹ àmì, wọ́n á ní ẹlòmíì tó kàn, wọn ò ní bá ìyá sọ ohunkóhun. Ìlà ti tẹ́ rẹrẹ fún oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ọmọ ń jẹ. Àwa tá à ń ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù mọ irú ẹ̀ dáadáa: dátà ń wọlé, gíráàfù ń tàn yòò, kò sẹ́ni tó ń fi ṣe ìpinnu kankan. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé àmì ló ń gba ọmọ là.

Ká sì sọ èyí náà: orúkọ Morley la máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì tó ń béèrè ìjẹṣu àti ìkórè kòkó, tó ń fi èdè ìlú bá ìyá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sí lẹ́yìn ìwé. Àwọn ìyá tó tọ́jú káàdì náà ò sí níbẹ̀. Láìsí wọn, pálí lásán ni káàdì.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa náà ti ní dókítà tó fi ẹ̀rọ bọ ọ̀rọ̀ ìlera ìyá àti ọmọ. Olúṣẹ́gun Mímikò, oníṣègùn òyìnbó, di gómìnà ní oṣù kejì ọdún 2009. Ètò Àbíyè tó bẹ̀rẹ̀ láyé ìjọba rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọrẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń mójú tó wọn, òṣìṣẹ́ náà á sì lọ bá wọn nílé. Ẹ wo bó ṣe bá káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé mu: irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ ìyá, kì í ṣe inú ọ́fíìsì. Òun ló ń pe ìjọba, kì í ṣe pé ìjọba ń dúró dè é.

Ibi tọ́rọ̀ wá kan àwa nìyí. Lásìkò yìí, gbogbo èèyàn fẹ́ gbé àkọsílẹ̀ ìlera sórí kọ̀ǹpútà. Ó dára. Bébà ń jóná, ó ń ya, èèyàn ò sì lè fi bébà mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé èèyi ti bẹ̀rẹ̀ ní abúlé mẹ́ta. A ò ní sọ pé ká padà sí ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n a ti wà nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń ṣàlàyé irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀, a sì ti rí i pé ìyá kì í sí nínú àwòrán. Sẹ́fà wà, ọsibítù wà, ìjọba wà, ẹni tó ni owó wà. Ìyá ti di nọ́ńbà kan nínú tábìlì. Bí iná bá lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú, tí àdéhùn ilé iṣẹ́ náà bá parí, kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀? Bó bá kó láti Ọ̀kà lọ sí Ìbàdàn, ta ló máa sọ fún nọ́ọ̀sì tuntun pé ọmọ yìí ti gba abẹ́rẹ́ kejì?

Lójú tiwa, káàdì Morley ti yanjú ìṣòro tá a ṣì ń kọ kóòdù sí. Ó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀dọ̀ ẹni tọ́rọ̀ kàn jù ló wà. Ibikíbi tí ọmọ bá lọ, ó ń bá a lọ. Ẹni tó ni ín lè kà á. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó gba ìṣọ́ra ju ti gbogbo dátà lọ, ó sì fún ẹni tó ni dátà lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i. Àmọ́ ẹ̀tọ́ tí èèyàn ní láti kọ lẹ́tà kí wọ́n tó fi han ọmọ rẹ̀ fún un kò tó. Ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé ò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ọ̀rá, ó wò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan. Kí ni ìyá máa mú lọ sílé? Ṣé ó lè lóye rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan kà á fún un? Bí sẹ́fà wa bá kú lọ́la, ṣé ọmọ rẹ̀ ṣì ní ìtàn? Bí ẹ̀dà kan bá wà ní ọ́fíìsì, tí òmíràn sì wà lọ́wọ́ ìyá, ìyẹn la ń pè ní iṣẹ́ tó pé.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ bi màmá yín bóyá káàdì yín ṣì wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ó ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ilé ìwé mẹ́wàá. Ẹ wo ìlà yẹn. Ẹ máa rí oṣù tí ara yín ò yá, tí ìlà wálẹ̀. Ẹ máa rí oṣù tó tún gòkè. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ṣe láàárín oṣù méjèèjì.